Ìbéèrè Ìyáálé Mi Tí N Kò Túmọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Ìkà ni mí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, tí wọ́n ń pè mí ní ìyàwó rere, tí mo sì ń jẹ́ ẹ. Mi ò bá má sọ ọ́ títí láé. Ṣùgbọ́n Túsìdeè tó ń bọ̀ yìí ni àṣírí máa tú. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi.

Ìyàwó kejì ni mí nílé ọkọ mi ní Itele. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Sàngó Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyáálé mi, Ìyá Mọ́rúfù, máa ń ra àjákù fóòmù lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á fi rán ìrọ̀rí tà. Wọn ò lọ sílé ìwé. Tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti òyìnbó, èmi ni wọ́n máa ń pè. "Ìyàwó, wá bá mi gbọ́ ọ."

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú ọmú òsì wọn, èmi náà ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí ọsibítù ńlá. Ọkọ wa ní iṣẹ́ ò gba àwọn láyè. Iṣẹ́ ò gbà wọ́n láyè! Dòní, inú ń bí mi sí ọkùnrin yẹn. Wọ́n gbọ́ òyìnbó dáadáa. Ká ní wọ́n tẹ̀ lé wa ni, mi ò bá má rí àyè ṣe ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò lè dì í rù wọ́n. Ẹnu mi ni mo fi ṣe é.

Dókítà náà kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ó ní sùúrù. Ó fa pépà yọ, ó ń ya àwòrán bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn máa gé ọmú náà kúrò, torí àìsàn ti gba ibẹ̀. Mo túmọ̀ ìyẹn. Ìyá Mọ́rúfù mi orí.

Ó wá ní ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀, pé àwọn dókítà kan wà tó máa ń tún ọmú ṣe. Wọ́n lè ki àpò rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní sílíkóònù sábẹ́ awọ àyà. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ́kọ́ fi nǹkan bíi bàlúùnù ọmọdé síbẹ̀, wọ́n á máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí awọ á fi fẹ̀. Wọ́n sì lè gé ẹran àti ọ̀rá láti ikùn aláìsàn fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi mọ ọmú mìíràn. Ó ní ti ikùn yìí máa ń pẹ́ jù, ojú ọgbẹ́ á di méjì, ara ibẹ̀ sì lè má mọ̀ ọ́n lára mọ́ tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n lè ṣe é lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì lè dúró di ìgbà tí ìtọ́jú yòókù bá parí. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò pọn dandan. Ó lè fi àyà rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kó máa ki ọmú àtọwọ́dá sínú kọ́mú.

Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ẹ má jẹ́ kí n tún pa irọ́ lórí irọ́.

Ibi tó ti dé ọ̀rọ̀ ikùn ni nǹkan ti gún mi láyà. Ó ní ikùn náà á tún pẹlẹbẹ sí i. Mo wo Ìyá Mọ́rúfù. Mo ní nínú mi pé, ṣé obìnrin yìí máa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tán, kó wá jáde bí ọmọge? Èmi tí mo bímọ mẹ́ta ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú mi tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mò ń fún ọmọ lọ́mú ní pálọ̀, Ìyá Mọ́rúfù ń kọjá lọ. Wọ́n ní, "Ìyàwó, àwọn nǹkan yìí mà ti ń kánjú wálẹ̀ o!" Ọkọ wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwàdà ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá, mo sunkún, mo sì dì í sínú.

Ìyá Mọ́rúfù wá fọwọ́ tọ́ àwòrán dókítà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bá mi bi wọ́n, ṣé kò sí nǹkan tí wọ́n lè fi dípò rẹ̀ ni?"

Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi bèèrè! Mo yíjú sí dókítà. Mo sọ lédè òyìnbó pé wọ́n ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa padà sílé. Dókítà ní kò ní pẹ́, bí ara bá ti gbé e. Mo yíjú sí ìyáálé mi, mo ní, "Ó ní kò sí."

"Kò sí náà ni." Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. "Alhamdulillahi, ẹ̀mí ṣáà wà."

Dókítà bi mí bóyá wọ́n máa fẹ́ àtúnṣe ọmú náà. Mo ní wọn ò fẹ́. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Wọ́n gé e. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ títí irun wọn fi re dànù. Èmi ni mo ń fọ aṣọ wọn, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí, ó sì ń ṣe mí bíi kí n gbá wọn lẹ́nu.

Ìyá Mọ́rúfù wá gé àjákù fóòmù róbótó, wọ́n ń kì í sínú kọ́mú. Tí wọ́n bá forí kanlẹ̀ kírun, á yọ̀ wá sí ọrùn. Tí oòrùn bá mú, á mu òógùn, á máa rùn. Lọ́jọ́ kan ó já bọ́ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ fóòmù. Ọkùnrin kan he é, ó ní, "Ìyá, fóòmù yín rèé o." Wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n fi ṣẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn ò fi lọ síbẹ̀ mọ́.

Kí wá ni mo jèrè? Ẹ bá mi bi í. Ọkọ wa ò fẹ́ràn mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Sọ́ńdè tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ ní àsàláátù. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ láti ọdún mélòó kan pàápàá ṣì lè tún un ṣe, tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ara rẹ̀ gbà á. Ìyá Mọ́rúfù sáré wálé, bàtà lọ́wọ́. "Ó wà! Ìyàwó, ó wà o!"

Ọkọ wa gbaná jẹ. Kí ló dé tí dókítà yẹn fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa? Wọ́n bú u, Ìyá Mọ́rúfù bú u. Èmi náà bá wọn bú u! Mo ní àwọn dókítà ìsinsìnyí ò ka èèyàn sí. Ẹnu yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Túsìdeè la máa padà lọ bá a. Lọ́tẹ̀ yìí ọkọ wa ti gba àyè níbi iṣẹ́. Fáìlì wà níbẹ̀.

Ìyá Mọ́rúfù ní ẹnu àwọn fúnra àwọn làwọn á fi bá dókítà jà. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo kọ́ wọn. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè é nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ: "Dókítà, wai yu no tẹ́ẹ̀lì mi?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á. Ẹ má sì sọ pé Ọlọ́run á dárí jì mí, torí Ọlọ́run kọ́ ló ń wọ fóòmù. Ṣé kí n sọ ọ́ fún wọn kí Túsìdeè tó dé ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà?

Wọ́n tún ń pè mí báyìí. Wọ́n ti gbé àga kan sí iwájú ara wọn. Wọ́n ní kí n wá jókòó, kí n ṣe dókítà, kí àwọn fi mí dánra wò. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá bi mí, kí ni kí n dá wọn lóhùn?