Òwú Tí Wọ́n Gé Kúrò Lára Káàdì

Rárá o, Bàbá Muhydeen, ẹ má tíì sọ nǹkan kan, nítorí mo ti mọ ohun tó wà nínú àpò tí ẹ gbé wá yìí kí ẹ tó wọlé, káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, káàdì tí èmi Motúnráyọ̀ fi ọwọ́ ara mi kọ fún odidi ọdún mẹ́tàlélógún ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Ìsẹ́yìn níbí, kí ẹ tó ní kí n máa lọ sílé mi. Ẹ̀yin náà jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ń wolẹ̀ bí ẹni tí owó ẹ̀ bọ́ sínú yanrìn.

Kí lẹ wí? Ẹnu yín ò gbà á nígbà náà? Ó dáa. Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó, ẹ máa gbọ́.

Ta ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́tà kí ẹ̀rọ yín tó dé? Àwa mẹ́ta ni, èmi, Àdìjátù àti Ṣubúọlá. Bí ìpàdé bá fẹ́ wà, bí ajílẹ̀ bá dé, òfin ẹgbẹ́ ni pé kí lẹ́tà tẹ olúkúlùkù lọ́wọ́, ẹgbẹ̀ta lẹ́tà ó lé díẹ̀, Ṣubúọlá á máa ká a, Àdìjátù á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, èmi á máa kọ orúkọ sí i lórí. Mi ò kọ ọ́ bíi ti àwọn tíṣà o. Bí mo bá kọ Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú, Ago-Amodu, Ọláyanjú wo ni kí awakọ̀ gbé e fún? Ohun tí màá kọ ni Bàbá Ìbùkúnọlá, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí tó ní igi kajú méjì, mo gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n tó kírun alẹ́, ó ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ṣé lẹ́tà kan sọnù rí? Ẹ dáhùn ná. Kò sọnù.

Ìgbà tó yá lẹ wá gba Caleb láti Ìbàdàn, ẹ fi í ṣe akọ̀wé àgbà, òun náà bá gbé ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ tó ń tẹ lẹ́tà fúnra ẹ̀, tó ń ká a, tó ń tì í bọ inú àpò, tó ń lẹ̀ ẹ́ pa. Caleb dúró níwájú yín, ó ní iṣẹ́ tí obìnrin mẹ́ta ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, ẹ̀rọ á ṣe é tán kí oòrùn ó tó mú, pé owó oṣù àwa mẹ́ta, òfò ni. Ẹ pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo gbé omi mímu wọlé fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ pàtẹ́wọ́ lójú mi.

Wallahi, mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ ṣe ló ń ṣe. Òwú ni mo ń sọ, Bàbá Muhydeen, òwú tí wọ́n gé kúrò lára káàdì.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má wò mí bí àlejò. Láti ayé akọ̀wé àkọ́kọ́, bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti re ilé, mo máa ń gba òwú dúdú lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ ilé wa, èyí tó bá ṣẹ́kù lórí òfì, màá kì í bọ inú ihò káàdì onítọ̀hún, màá so ó. Ẹni tó bá ti rí òwú á mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fi orúkọ yẹn kọ lẹ́tà mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wà fún ilé náà, èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ, màá kúnlẹ̀ fún olórí ẹbí, màá jíṣẹ́. Mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Kí ni kí n kọ? Ẹni tó gbé ọmọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí n wá mú bírò kí n kọ ọ́ síwájú orúkọ ẹ̀ pé ó ti kú? Káàdì tí ọmọ ẹ̀ á tún mú lọ gba ajílẹ̀? Ẹnu wa pàápàá kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nípa àgbà, a ó ní ó papòdà, a ó ní ó ti sinmi. Ọwọ́ mi wá fẹ́ yájú ju ẹnu lọ?

Ẹ̀rọ tí Caleb fi ń ya àwòrán káàdì sínú kọ̀ǹpútà ò fẹ́ òwú, ó ń há a lẹ́nu. Caleb rán mi lọ sí Ìwéré-Ilé lọ́jọ́ kan, ó sì mú àlùmọ́gàjí, ó gé gbogbo ẹ̀ pátá lọ́sàn-án gangan, ó gbá a dà sínú ààtàn. Àdìjátù sọ fún un pé òwú yẹn nídìí. Ó ní ìdọ̀tí ni. Kò bi í pé ìdí wo.

Ó wá ní kí ẹ̀rọ ṣa gbogbo ẹni tí kò wá ìpàdé nígbà mẹ́ta, kó kọ̀wé sí wọn. Ta ni kì í wá ìpàdé, Bàbá Muhydeen? Ènìyàn mọ́kànlélógójì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀wé sí, ó ní, "A kíyè sí i pé ẹ kò yọjú láti ìpàdé mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ẹ kò bá wá fúnra yín, a ó yọ orúkọ yín kúrò."

Ìyàwó Oyèlẹ́yẹ ní Ìwéré-Ilé ṣì wà nínú opó. Oṣù mẹ́ta péré. Obìnrin tí kò gbọdọ̀ kọjá ìloro ilé ló gun ọ̀kadà wá sí Ìsẹ́yìn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, eruku bò ó títí dé ojú, ó ní òun wá dípò bàbá, kí ẹ jọ̀ọ́ má yọ orúkọ wọn, pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí mọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, omi sì ń bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Èmi lẹ wá dá lẹ́bi! Caleb dìde láàárín ìpàdé, ó ní bó ṣe pé mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ ni, ẹ̀rọ ò ní ṣàṣìṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òwú yẹn láti ìgbà tí irun orí yín ṣì dúdú, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Owó oṣù kọ́. Mo ti mọ̀ pé owó oṣù á lọ.

Ẹ̀ẹ́n? Ẹ ní Caleb ti túúbá? Ó ní kí n kàn jókòó, kí n fi bírò kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn pé wọ́n ti kú, kí ẹ̀rọ má baà tún pè wọ́n lóṣù tó ń bọ̀? Ó dáa. Mo gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ wọ́n, ẹ ò sì rí ẹlòmíràn tí ẹ lè bi. Bí mo bá kọ ọ́ tán, ẹ ò ní mọ ọ̀nà ilé mi mọ́, bí mo bá sì kọ̀, ìyàwó Oyèlẹ́yẹ á tún gun ọ̀kadà. Ibo lẹ ní kí n gbà? Kò síbi tí mo lè gbà. Màá kọ ọ́.

Àmọ́ ẹ wo ìkan yìí. Ládòkun. Ẹ̀rọ yín kọ̀wé sí òun náà, ilé yìí ni wọ́n gbé lẹ́tà ẹ̀ wá, èmi ni mo sì gbà á. Ọdún méjì tó ti lọ, aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ ni mo já òwú ẹ̀, mo fi so káàdì ọkọ mi, òwú yẹn náà ti bá ààtàn lọ.

Màá kọ ogójì. Màá kọ ọ́ fún gbogbo wọn, kí Ọlọ́run forí jì mí. Ti Ládòkun, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ̀yin lẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè tí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn tẹ́ ẹ. Ẹ gba bírò. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, ẹ ṣáà ti ní kò le. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí n rí i. Ẹ kọ ọ́ ná, Bàbá Muhydeen, kí ló ń di ọwọ́ yín mú?