Kàmpálà Tí Mo Fi Bo Òkú

Mi ò jókòó o, Ìnsípẹ́kítọ̀! Ẹ gbé àga yín sọ́hùn-ún. Bí èèyàn bá jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá, ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ní kó dìde? Ìdúró ni mo wà, ìdúró náà ni n ó ti rojọ́ mi tán. Èmi Ìyá Lubabah, aláró ojú Malu Road, èmi lẹ ń wá! Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé báyìí ni apànìyàn ṣe ń rí?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, pé òkú mẹ́ta tí wọ́n rí lẹ́bàá títì wa, kàmpálà kan náà ni wọ́n fi bò wọ́n, pé àmì tí apànìyàn fi ń ṣe ìjọba ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Háà! Wallahi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ìkòkò aró. Àmì wo? Aṣọ mi ni! Èmi ni mo fi bò wọ́n!

Rárá, ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Nílé tí wọ́n ti bí yín, Ọ̀gá Ọlábímtán, tí ilẹ̀ bá mọ́ tẹ́ ẹ bá òkú ọmọlọ́mọ níwájú ìsọ̀ yín, tí wọ́n ti fún un lọ́rùn pa, tí ahọ́n yọ síta, tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, ṣé ẹ ó kàn máa tajà yín lọ ni? Ṣebí ẹ ó wá nǹkan bò ó. Èmi náà wá nǹkan bò ó. Àwọn tó kù ń sá, wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú ní Èkó, òun lọlọ́pàá máa mú. Mo ní irọ́ ni, ọlọ́pàá náà ní ìyá. Ẹ wá wo ibi tí ẹnu mi gbé mi dé!

Ẹ ní kí ló dé tó fi jẹ́ aṣọ kan náà? Ṣé gínì olówó ńlá ni kí n máa fi bo òkú ni? Ìkòkò aró kan ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, sódà tí wọ́n tà fún mi ò lágbára, aró ò mú, mo bá ká gbogbo aṣọ náà sábẹ́ bẹ́ńṣì. Òkú àkọ́kọ́ dé, mo fa ọ̀kan yọ. Èkejì dé, mo fa ọ̀kan yọ. Ẹ̀kẹta náà, bẹ́ẹ̀. Àmì apànìyàn yín nìyẹn, abẹ́ bẹ́ńṣì mi! Ẹ tún ní aṣọ náà ṣá nítorí pé apànìyàn ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn! Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo sì sọ fún Friday, kọ́púrà yín. Mo ní aṣọ mi nìyẹn o. Ó ní, "Mama, abeg comot for here, na evidence be that." Bí ẹni pé mo wá gba aṣọ lára òkú!

Látìgbà tẹ́ ẹ ti sọ ọ́ lórí rédíò, àwọn ìyàwó ọ̀gá láti GRA ò wá ra aṣọ fèrèsé lọ́wọ́ mi mọ́, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Cyril ló dùn mí. Fọ́kánáísà ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi, bàbá ọmọ méjì, èèyàn jẹ́jẹ́. Àárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá, mo dé, ó ti wà nílẹ̀, ojú okùn lọ́rùn rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Mo ti fa aṣọ yọ! Ó wà lọ́wọ́ mi! Mo bá rántí ohùn yín, pé ẹni tẹ́ ẹ bá ká aṣọ yẹn mọ́ lọ́wọ́, apànìyàn ni. Mo dá a padà sábẹ́ bẹ́ńṣì. Cyril wà nínú oòrùn, eṣinṣin ń bà á lẹ́nu, títí Harriet ìyàwó rẹ̀ fi ti Ajégúnlẹ̀ dé tó bá a bẹ́ẹ̀. Ó wo òkú, ó wo aṣọ tó so kọ́ sí ìsọ̀ mi, ó wá wò mí. Ọkàn mi bàjẹ́, mi ò tíì jẹun gidi láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin wá gbé ẹ̀wù kóòtù yín wọ̀, ẹ tún bọ́ sórí rédíò, ẹ ní kò sí aṣọ lára Cyril, nítorí náà jàǹdùkú lásán ló pa á. Pé apànìyàn yẹn ti sá! Pé kí aráàlú lọ sùn! Ó sá, àbí aṣọ mi ló sá? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ẹni tó ń pànìyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní àmì, ibi tó wà ló ti ń ṣàdúrà fún yín.

Ẹ̀ẹ́n? Kí n fọhùn jẹ́jẹ́? Ó dáa. Ẹ padà sórí rédíò yẹn, ẹ ní òkú mẹ́rin ni, ẹ pe orúkọ Cyril kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ẹ ní aláró kan ló fàánú bo àwọn yòókù. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, Ọlọ́run ń gbọ́ mi o, lọ́jọ́ tẹ́yin náà bá ṣubú lójú títì wa, mi ò ní...

Ẹ ò rí i? Kò wá sẹ́nu. Mi ò lè sọ ọ́, ìyá mi ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wallahi, n ó bò yín. Àmọ́ ẹ̀wù kóòtù yín yẹn náà ni n ó fi bò yín, ọ̀gá, kí ìnsípẹ́kítọ̀ tó bá ń wá apànìyàn lè tọ àmì náà délé yín! Háháhá! Ẹ gbé àga yẹn wá, ẹsẹ̀ ń ro mí.