Ogún Ilé Tí N Kò Kan Ilẹ̀kùn Wọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́ta, yàtọ̀ sí olùkọ́ mi kan, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyá tó bí mi pàápàá kò gbọ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé àwọn kan fẹ́ yìn mí ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìyìn náà sì ń bà mí lẹ́rù.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n àdúgbò Niangon níbí, nílẹ̀ elédè Faransé, ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, olùkọ́ wa obìnrin tí a ń pè ní Madame ń ṣe ìwádìí lórí bí ẹrù ìrànwọ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí àgbàrá òjò ba ilé wọn jẹ́. Wọ́n fún mi ní ìwé ìbéèrè fún ogún ilé lórí òkè kan ní àdúgbò Attécoubé. Ọjọ́ wo ni ẹrù dé? Ta ló gbé e wá? Kí ni kò dé?

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àtẹ̀gùn òkè náà ń yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú: n kò gùn ún. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí, mo fọwọ́ ara mi kọ ìdáhùn ogún ilé. Mo ní ẹrù dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn ní ọjọ́ kejì.

Madame gbà mí gbọ́. Nítorí ohun tí mo kọ, àwọn tó ń pín ẹrù rò pé kò sí ìṣòro, ìsàlẹ̀ òkè náà ni wọ́n sì ṣì ti ń pín in.

Òjò ọdún kejì dé. Ní ilé ìwòsàn, mo pàdé ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé lókè níbẹ̀, Ìyá Sàlámátù. Wọ́n pọn ọmọ-ọmọ wọn tó ń gbọ̀n. Mo bi wọ́n bóyá wọn ò rí búláńkẹ́ẹ̀tì gbà ni.

“Ọmọ mi, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pín in. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó bi wá rí.”

Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Madame. Wọ́n fa àwọn ìwé irọ́ mi yọ, wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń pín ẹrù pé iṣẹ́ wa lábùkù.

Wọ́n ní, “Ma fille, ọmọbìnrin mi, padà lọ. Tẹ̀lé ẹrù náà láti inú ọkọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà tó gbẹ̀yìn.”

Mo gùn ún títí orúnkún mi fi wú. Gbogbo ibi tí ẹrù bá ti dúró ni mo ti ń wo aago. Mo rí i pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń pín èyí tó pọ̀ jù, àwọn géńdé tó ń ru ìyókù gòkè kì í sì í kọjá mọ́ṣáláṣí àárín òkè; ibẹ̀ ló ti ń tán. Àwọn ará òkè ló sọ ọ̀nà àbáyọ fún mi: kí a kó ẹrù sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lókè pátápátá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń pín ẹrù gbà, wọ́n sì kó o síbẹ̀.

Àárọ̀ ni òjò ńlá ọdún yìí dé. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ẹrù ti wọ gbogbo ilé, kò ku ẹyọ kan! Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn. Ìyá Sàlámátù jó nínú òjò, mo bá wọn jó.

Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo ará òkè fẹ́ pé jọ yìn mí, kí wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Wọn ò mọ̀ pé mo ti fi irọ́ dáhùn lórúkọ wọn rí. Màá sọ fún wọn, mo ti pinnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣàdúrà ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán?