Mínírà Mẹ́ta Kí Àṣámù Tó Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Ọlọ́run fi ìmọ̀ kẹ́, àlàáfíà Rẹ̀ kó máa bá yín gbé. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn lónìí: àmánà tí Ọlọ́run fi síkàáwọ́ yín ni ara yín. Ọlọ́run ní ká jẹ, ká mu, ká má ṣàṣejù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìgò mínírà pamọ́ sẹ́yìn yẹn, mo rí yín o! Ẹ ṣáà fetí sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà, Súlúkánáínì. Ó há Kùránì sórí látòkèdélẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn. Wọ́n fi í ṣe lèmọ́mù ìrun àṣámù tá a máa ń kí lálẹ́ nínú Ramadan, pé kó ka Kùránì tán kí oṣù tó parí. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí ní mọ́sáláṣí wọn. Baba rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé òun á wá láti Ìṣẹ́yìn wá gbọ́ ìparí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni Súlú ṣe ń ṣínu? Mínírà mẹ́ta! Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní, "Mo ti gbààwẹ̀ látàárọ̀, ẹ jẹ́ n gbádùn." Ṣé torí àtimu ṣúgà la ṣe ń gbààwẹ̀ ni? Inú á wú, á máa gúfẹ̀, oorun á dé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó foríkanlẹ̀, kò dìde. "Subuhánálláhì!" làwọn tó wà lẹ́yìn ń pè láti fi rán an létí. Pábó! Lèmọ́mù ti ń hanrun!

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Súlú sunkún lọ́jọ́ náà. Wọ́n fẹ́ gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Hamdalat, àmírà àwọn obìnrin tó ń ṣètò ìṣínu, ló bá a bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Ó wá kọjú sí i:

"Bùrọ̀dá Súlú, láti òní lọ, dàbínù mẹ́ta àti omi."

"Hà, Àmírà! Omi lásán?"

"Omi tí Ànọ́bì fi ń ṣínu lẹ̀ ń pè ní lásán?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni orí fi fọ́ ọ, tójú rẹ̀ ń wá ìgò kiri. Lọ́jọ́ kẹrin, ara fúyẹ́, oorun lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, baba rẹ̀ wà ní sáfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ gan-an. Súlú kà á dé súrà tó kẹ́yìn, kò ṣìwí ẹyọ kan. "Aláhù Àkúbárù!" Mọ́sáláṣí mì tìtì!

Baba dì mọ́ ọn, ó tọwọ́ bọ àpò, ó fa ẹ̀bùn yọ: mínírà tútù. "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀."

Súlú kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, omi ni kẹ́ ẹ bù fún mi."

Ẹ ò rí i? Ẹni tó há odidi Kùránì sórí, ìgò ni yóò borí rẹ̀? Rárá o! Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Kí Ọlọ́run fọ̀nà hàn wá, kó fún wa lágbára lórí ọ̀nà ọ̀fun wa. Ẹ ṣe àmín.

Ẹ̀yin tẹ̀yìn yẹn, ẹ gbé ìgò náà wá.