Orúkọ Rálíátù Ló Wà Lára Àpò Náà

Ẹ̀pà yíyan ni aya mi ń bó fún mi lọ́jọ́ tí a ríra gbẹ̀yìn. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn àlejò, wọ́dà dúró tì wá. Ó ń fi àtàǹpàkò họ èèpo rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ dànù, ó ń kó o sí mi lọ́wọ́. Ó ní ọ̀nà Èrúwà ti bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kó rọra. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru pa á kí ọjọ́ àbẹ̀wò mìíràn tó pé.

Ẹlẹ́wọ̀n gbére ni mí. Ènìyàn mẹ́ta kú nítorí mi nínú ilé kan ṣoṣo; inú ọgbà yìí ni èmi náà yóò kú sí. Ẹ kò nílò orúkọ mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ aya mi, Rálíátù, nítorí bí mo bá jẹ́wọ́ ìwà mi láìsọ tirẹ̀, ìdajì òtítọ́ ni mo sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kẹ́mísìrì ní Èrúwà. Rálíátù ń ṣe láfún. Bí gbogbo obìnrin ìlú ṣe ń ṣe é náà ni: kí a bó ẹ̀gẹ́, kí a rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, kí a fún un, kí a sá a sórí àpáta, kí a lọ̀ ọ́. Ohun tí òun fi yàtọ̀ ni pé ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sára gbogbo àpò tó ń tà. Àwọn obìnrin ọjà fi í ṣẹ̀sín.

"Rálíátù, ṣé láfún tún ń sọnù ni, tí o fi kọ orúkọ sí i lára?"

"Bí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ lè mọ ilé ẹni tí ẹ máa wá bá jà."

Kò sẹ́ni tó bá a jà. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin láti Igàngàn títí dé Lánlátẹ̀ ń ṣe láfún fún un. Ó ń gun máṣíìnì lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan, á ti ọwọ́ bọ omi, á tẹ ẹ̀gẹ́ wò. Bí kò bá tíì rọ̀, kò ní gbà á, bó ti wù kí ẹni náà bẹ̀bẹ̀ tó.

Nígbà tí ìjọba fòfin de àlìkámà òkè òkun, ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ìbàdàn, tó ń wá ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀, rán ọkùnrin méjì wá sílé wa. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Sà, àpò mélòó lẹ lè kó fún wa lóṣù?"

"Ìyàwó mi ló niṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bi mí. Rálíátù gbé àga rẹ̀ sáàárín èmi àti wọn.

"Ẹ kọjú síbí. Kẹ́mísìrì ni ọkọ mi mọ̀. Èmi ni mo mọ ẹ̀gẹ́."

Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi ní kó wá máa bójú tó ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń rà. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga lópin ọ̀sẹ̀, ó sì ń tọ́ Bílíkísù, ọmọ wa kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi dé ìdajì, òun ni olórí gbogbo ẹ̀ka tó ń ṣe oúnjẹ. Mo lọ kí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí àwọn ẹnjiníà tó ń dìde fún un. Orí mi wú. Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé òun ni yóò di ọ̀gá àgbà.

Ó fi iṣẹ́ láfún sí ìkáwọ́ mi. Ibẹ̀ ni ìdánwò ti wá. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi máa ń dá àpárá:

"Ọkọ ọ̀gá, ṣé wọ́n ti fún yín láàyè kẹ́ ẹ jáde lónìí?"

Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, mo fẹ́ kí àpò tó ń jáde lọ́wọ́ mi pọ̀ ju èyí tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ rí lọ. Mo kó ẹ̀gẹ́ kúrò nínú omi kó tó rọ̀ dáadáa. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo tún dín ìgbà rẹ̀ kù. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa oró inú ẹ̀gẹ́ kíkorò, tí rírẹ sómi ń yọ!

Ní ọdún kan tí ọ̀dá dá, oníbàárà kan wá láti Lánlátẹ̀.

"Tíṣà, bí láfún ò bá tètè jáde, màá yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn o."

"Wàá rí i gbà."

Mo ní kí Sínátù, òṣìṣẹ́ wa, kó ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ jáde.

"Ṣé Ìyá Bílí mọ̀ sí i?"

"Èmi ni ọkọ Ìyá Bílí."

Láfún yẹn dé abúlé kan lẹ́bàá Lánlátẹ̀. Ìyàwó àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àlíù àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì jẹ ẹ́. Oko ni bàbá náà wà. Ìgbà tó máa fi dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Nígbà tí ọlọ́pàá wá, mo ní Sínátù ló ṣe é. Wọ́n sì mú un lọ.

Rálíátù dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú lọ́yà ilé iṣẹ́ wọn.

"Mà, òṣìṣẹ́ kan ló ṣe é," ni lọ́yà wí. "Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ipò ọ̀gá àgbà ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Orúkọ mi ló wà lára àpò yẹn." Ó yíjú sí mi. "Bàbá Bílí, ta ló ní kí wọ́n kó o jáde?"

Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo ojú mi, ó sì kọjú sí lọ́yà.

"Lọ́yà, ẹ jẹ́ ká lọ gba Sínátù sílẹ̀. Ọkọ mi ló ṣe é."

"Mà, ọkọ yín ni o!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ ẹ."

Ní kóòtù, mo ní mi ò jẹ̀bi. Rálíátù dúró, ó sọ ohun tó mọ̀ láìgbé ohùn sókè, adájọ́ sì fi mí sẹ́wọ̀n gbére. Ilé iṣẹ́ gbé ipò ọ̀gá àgbà fún ọkùnrin kan. Rálíátù kò bínú kúrò. Ó ṣe é lófin pé àpò kankan kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ló ni ín. Nígbà tí apá ọkùnrin náà kò ká iṣẹ́, wọ́n padà wá bẹ aya mi. Wọ́dà kan ló wá sọ fún mi.

"Tíṣà, ìyàwó yín ti di ọ̀gá àgbà o!"

Mo dìde dúró nínú yàrá ẹ̀wọ̀n mi, bí ẹni pé ó ń wọlé bọ̀.

Lẹ́yìn Iléyá lọ́dọọdún, Rálíátù máa ń lọ bẹ Bàbá Àlíù. Lọ́dún àkọ́kọ́, bàbá náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tó ṣe, ó gbé àga fún un. Èmi kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọkùnrin yẹn rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbàràpá, ẹ̀yin ọkùnrin pàápàá, bí aya yín bá ga, ẹ jẹ́ kó ga. Kò dín nǹkan kan kù lára yín. Iṣẹ́ tó bá ní kẹ́ ẹ dúró de òun, ẹ dúró dè é. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ má ti ẹlòmíràn síwájú láti fi í bo ara yín. Ẹ má tọ ọ̀nà tí mo tọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Rálíátù, wọ́n pè mí pé mo lálejò. Bàbá Àlíù ni. Ó ti darúgbó. Ó ṣí fìlà.

"Tíṣà, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa bá mi sọ ọ́ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá Àlíù, èmi ni. Ọjọ́ kan péré ni ẹ̀gẹ́ yẹn lò nínú omi. Mo mọ̀ pé oró ṣì wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó o jáde."