Òkè Ọbẹ̀ Ni Ti Baálé

Níwájú ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní àdúgbò Mgbuoba ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu Àlàájì kan àti ìyàwó rẹ̀, nígbà tí ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì rẹ̀.

"Wọ́n ní ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé ó lè dí iṣan ọkàn. Èmi tí mo rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀! Abeg, ibo ni ọ̀rá ọ̀hún wà?"

"Àlàájì, ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò wo ikùn yín. Èmi ni mo fà á."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Ṣebí òkè ọbẹ̀ ni mo máa ń bù fún yín, níbi tí epo léfòó sí. Ìyá mi ló kọ́ mi pé ti baálé nìyẹn."

N kò lè sọ bóyá ọbẹ̀ nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n bó ṣe pe "òkè ọbẹ̀" yẹn, ó dún létí mi bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ́wọ́ ìfẹ́.

"Ó yá, dín epo kù, kí o sì máa bu ìsàlẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ dáadáa."

"Káwọn àbúrò yín lè ní mo ń fojú di yín?"

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn pé n kò tíì fẹ́ kú fi ọ́ sílẹ̀ ni."