Ọba Ṣámpà Tí Kò Rí Ọlọ́run Pè

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí dìde, ó ní, "Ìyá Àdúrà, máa tẹ̀ lé mi."

Ó mú mi gba ọ̀run àpáàdì, níbi tí àwọn òpùrọ́ ti ń jẹ ahọ́n ara wọn. A kọjá lára àwọn alágbèrè. N kò ní sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ lójú àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe kan. Ọkùnrin kan wà nínú iná dé àyà, adé ń yọ́ lórí rẹ̀, wúrà gbígbóná ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló ń pè, ó ń pè é, ó ń pè é, iná ń ga sí i, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Mo bi atọ́nà mi pé ta ni.

Ó ní, "Ọba ilẹ̀ Ṣámpà ni, láyé àtijọ́, létí òkun ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n ń pè ní Fiẹtináàmù lónìí. Ó kọ́ ilé òrìṣà, ó gbé òkúta kalẹ̀ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ ọ́, ó sì so orúkọ ara rẹ̀ mọ́ orúkọ òrìṣà náà, bí àwọn ọba ibẹ̀ ti máa ń ṣe. Ẹni tó bá ń gbàdúrà, ọba ló ń pè. Ó gba oko ìrẹsì àwọn tálákà, ó fi oko àti olóko ta òkúta náà lọ́rẹ."

Ọba náà rí mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Ọlọ́run. Bí mo bá fẹ́ pè é, orúkọ mi ló ń jáde." Ọba ló ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo la ẹnu, ṣùgbọ́n atọ́nà mi fi ọwọ́ bò ó.

Ó ní, "Kálukú ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè é."

A gòkè lọ síbi tó tutù. Ìyá arúgbó kan na ẹsẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le bíi ti àgbẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ọba fi tọrẹ. Ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta rí, síbẹ̀ ohùn kan pè é lórúkọ láti òkè, ó sì jẹ́. Mo bi í bóyá ó ń gbọ́ igbe ọba náà.

Ó ní, "Mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo ti dárí jì í tipẹ́. Ìdáríjì náà ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ẹkún ni mo fi jí. Mo fẹ́ pe Ọlọ́run, ẹ̀rù bà mí, mo pa ẹnu dé. Ẹ̀yin ará, ẹ ti sọ ọ́ dàṣà nínú ìjọ yìí, bí ìṣòro bá dé, ẹ óò kúnlẹ̀, ẹ óò ní, "Ọlọ́run Ìyá Àdúrà, dá mi lóhùn." Ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú àdúrà yín lónìí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi náà yóò ké pe Ọlọ́run. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ orúkọ mi ni yóò jáde.